Ẹ má fo orúkọ yẹn: bí ẹ ṣe lè pe orúkọ àwọn ẹ̀dá inú ìwé fantasy kó sì dúró lẹ́nu yín

Lọ́sàn-án Sátidé kan báyìí, iná ti lọ, ooru ń mú, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Bódìjà, òun ló ń kàwé fún mi. Ọmọ ọdún 9 ni. Ìwé fantasy kan, ìtàn àròsọ tó kún fún idán, tí mo rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀ ni, èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya àmọ́ inú ẹ̀ pé. Ọmọ yìí mọ̀wé kà dáadáa, ó ń kà á lọ geere, àfi tó bá ti dé ibi orúkọ, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní "ẹni yẹn", á sì kọjá. Thaelwyn, ẹni yẹn. Thaedric, ẹni yẹn. Thessa, ẹni yẹn náà ni. Nígbà tá a fi máa dé ojú ìwé 40, ogun ti jà, ẹnì kan ti já bọ́ lórí ẹṣin, ló bá gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, ta ló kú?" Èmi gan-an ò mọ̀, torí "ẹni yẹn" mẹ́ta la ní, T ni gbogbo wọn sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa tá a ń ka irú ìwé yìí ló ń ṣe bíi tiẹ̀, ká má parọ́. Ojú la fi ń mọ orúkọ yẹn, lẹ́tà tó fi bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe gùn tó, ẹnu wa ò pè é rí. Àwọn baba wa ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, ẹ̀dá tẹ́ ẹ ò bá lè pè, kí lẹ fẹ́ fi fà á súnmọ́ra? Ohun tí mo wá rí ni pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí máa yọ àwa Yorùbá lẹ́nu rárá, torí ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ní pírámárì, sílébù àti àmì ohùn, òun gan-an ni irinṣẹ́ tó dáa jù fún un. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ fún èèyàn bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan, àkọtọ́ tiwa ń sọ ọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ dúró níbi tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ pàdé ẹ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí orúkọ bá yọjú ni kẹ́ ẹ dúró, ẹ má sọ pé ẹ máa padà wá, ẹ ò ní padà wá. Tí ojú bá ti fo orúkọ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fífò ló máa máa fò ó dé ìparí ìwé. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń kà á, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó yàtọ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, ìtàn ò ní sá lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wò ó bóyá ẹni tó kọ ọ́ ti sọ bí wọ́n ṣe ń pè é

Ẹ yẹ iwájú ìwé wò, ẹ yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò, ibi tí máàpù wà, ibi tí wọ́n to orúkọ sí. Àwọn òǹkọ̀wé kan ti ṣe wàhálà yẹn tán fún yín.

Tolkien ló ṣe é jù nínú àwọn tí mo mọ̀. Lẹ́yìn ìdìpọ̀ kẹta The Lord of the Rings, tó jáde ní 1955, àfikún kan wà tí wọ́n ń pè ní Appendix E, ibẹ̀ ló ti to bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ àwọn èèyàn ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní C níbi gbogbo, k ni, Celeborn kì í ṣe Sẹ́lẹ́bọ̀n o, Kẹ́lẹ̀bọ̀n ni. Ó ní g gbọ́dọ̀ dún bíi g inú "gèlè", kì í dún bíi j láéláé. Ó ní r ò gbọdọ̀ pòórá níbikíbi. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé gbogbo fáwẹ̀lì ló ní kí wọ́n pè, e tó bá wà ní ìparí orúkọ kì í ṣe e tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé mì, ó tiẹ̀ fi àmì dọ́ọ̀tì méjì (ë) sórí ẹ̀ nígbà míì kí wọ́n má baà gbé e mì. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ṣé kì í ṣe bí a ṣe ń ka Yorùbá nìyẹn? Tí ọmọ Ìbàdàn bá fi ẹnu Yorùbá ka àwọn orúkọ yẹn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á súnmọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn ní lọ́kàn ju ọ̀pọ̀ ọmọ London lọ.

Ó tún sọ ibi tí agbára orúkọ máa wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ torí a máa lò ó níwájú. Tí orúkọ bá ní sílébù méjì, ti àkọ́kọ́ ló sábà máa ń wúwo. Tó bá ju méjì lọ, ẹ wo sílébù tó ṣáájú ti ìkẹyìn: tí fáwẹ̀lì ẹ̀ bá gùn, tàbí tó jẹ́ fáwẹ̀lì méjì tó so pọ̀, tàbí tí kọ́ńsónáǹtì méjì bá tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ló wúwo. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn sí sílébù tó ṣáájú ẹ̀. Isildur, l àti d tẹ̀ lé i àárín, nítorí náà àárín ló wúwo. Denethor, th ló tẹ̀ lé e àárín, ẹ lè fẹ́ sọ pé lẹ́tà méjì nìyẹn, àmọ́ ìró kan ṣoṣo ni, bíi gb tiwa, torí náà iwájú ló wúwo. Ọmọ Yorùbá tó mọ̀ pé gb kì í ṣe g pẹ̀lú b, kò yẹ kéyìí rú u lójú.

Àwọn míì ò to nǹkan kan sẹ́yìn ìwé, inú ìtàn ni wọ́n fi sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pe Hermione bó ṣe wù wọ́n títí ìwé kẹrin Harry Potter fi jáde ní 2000, ibẹ̀ ni Rowling tó kọ ọ́ ti jẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn fúnra ẹ̀ jókòó kọ́ Viktor Krum bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ òun, sílébù kan lẹ́yìn ìkejì. Tá a bá kọ ọ́ nílànà tiwa, Hà-mái-ò-nì ni. C. S. Lewis ní tiẹ̀, inú lẹ́tà tó kọ ní 1952 ló ti sọ ọ́ pé Aslan, kìnnìún inú ìwé Narnia ẹ̀, s inú ẹ̀ s ni, Ás-làn lòun ń pè é, àti pé kìnnìún ni ìtumọ̀ ẹ̀ lédè Tọ́kì.

Tẹ́ ẹ bá wá a nínú ìwé tẹ́ ẹ ò rí i, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá òǹkọ̀wé ti fẹnu ara ẹ̀ pè é níbì kan, tàbí kẹ́ ẹ gbọ́ ìwé àfetígbọ́ ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí kò bá sí náà, ó ti di ọwọ́ yín nìyẹn, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Orúkọ àròsọ náà ní ilé tó ti wá. Kò wọ́pọ̀ kí èèyàn kàn jókòó kó da lẹ́tà pọ̀ lásán, èdè kan ló sábà máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀. Tolkien fi èdè Welsh ṣe àwòkọ́ṣe èdè Sindarin, ó fi ti Finland ṣe ti Quenya, èdè méjì tó fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀ fún ìtàn ẹ̀, ọ̀pọ̀ tó sì tẹ̀ lé e ló ń jẹ nínú oko kan náà. Tẹ́ ẹ bá rí dd, wyn, ll, w tó dúró níbi tó yẹ kí fáwẹ̀lì wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé Welsh ni, w yẹn lè jẹ́ u, f kan ṣoṣo sì ń dún bíi v. Tẹ́ ẹ bá rí bh àti mh, ilé Irish nìyẹn, v ni wọ́n sábà máa ń pè é; Niamh kì í ṣe Níámù o, Níìv ni, àwọn ìyá wa á ní Níìfù, kò burú.

Àmọ́ tí ilé yẹn bá jẹ́ ilé èèyàn tó wà láàyè, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ yẹn lónìí, ẹ má ṣe é bó ṣe wù yín. Orúkọ Igbo ni? Ẹ bi aládùúgbò yín tó jẹ́ Igbo, inú ẹ̀ á dùn. Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ ọ́. Nígbà kan ẹnì kan pè mí lórí fóònù láti òkè òkun nípa iṣẹ́ kan tí mo ti wá fún bí oṣù mẹ́ta, ó ṣi orúkọ mi pè, ó ní ṣé lágbájá ni, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì mi ò mọ̀ pé èmi ló ń pè, mo ní wọ́n ti ṣi nọ́ńbà, mo sì gé fóònù. Iṣẹ́ yẹn lọ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí gan-an, ó sì jẹ́ kí n mọ̀ pé orúkọ tẹ́nì kan ń jẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú díwọ̀n.

Ti àwọn ìwé tó mú nǹkan láti ọ̀dọ̀ wa wá ńkọ́? Nínú ìwé Tomi Adeyemi tó jáde ní 2018, Children of Blood and Bone, Orïsha ni orúkọ ilẹ̀ tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀, àmì dọ́ọ̀tì méjì sì wà lórí i. Mo ti gbọ́ táwọn ọmọ wa níbí ń gbìyànjú láti fi ẹnu òyìnbó pè é torí pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bá a nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Òrìṣà ni, dò dò dò, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ wa ní ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gé e sí sílébù

Ẹ gba bébà, ẹ kọ orúkọ yẹn, kẹ́ ẹ wá máa gé e. Fáwẹ̀lì lẹ máa kọ́kọ́ kà, iye fáwẹ̀lì tẹ́ ẹ bá gbọ́ ni iye sílébù. Thaelwyn tiwa: a rí ae, a rí y. Ae yìí nìjà wà, ó lè jẹ́ "áì", ó lè jẹ́ "é". Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní "é" ló dùn lẹ́nu òun, mo ní ó dáa, òǹkọ̀wé ò sọ nǹkan kan, òun ló ni ín. Th, a ò ní in, t la fi ń gbà á. Ó ku l àti w tó fara kanra láàárín, ẹnu Yorùbá ò fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì dúró ti ara wọn, ohun tá a ṣe sí búrẹ́dì náà la máa ṣe sí i, ẹ ti fáwẹ̀lì kan sáàárín. Te-li-wi-n, n yẹn sì ti wọ inú i, ó di "in" tiwa. Te-li-win. Ó tán.

Àwọn kan á ní kí ni ká ṣe máa sọ ọ́ di Yorùbá, ká pè é bí òyìnbó ṣe ń pè é. Tí ahọ́n yín bá gbé e, ẹ pè é, mi ò ní kẹ́ ẹ má pè é. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń ka ìwé sókè fún ọmọdé, orúkọ tó ń kọ́ yín lẹ́nu ní gbogbo ojú ìwé á pa ìtàn yẹn. Fáwẹ̀lì kan tẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́ ò pa á lára. Ohun tí mi ò gbà ni kẹ́ ẹ pè é báyìí lónìí kẹ́ ẹ pè é báyẹn lọ́la.

Ẹ tún rántí e àti ẹ, o àti ọ. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni e, àwa ní méjì, ẹ yan ọ̀kan kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Thessa, a yan ẹ: Tẹ-sa. Ó ti yàtọ̀ sí Teliwin láti sílébù àkọ́kọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé T ni méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan ṣì wà fún wa. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa níbí, s ni ṣ lẹ́nu wọn, kò sì sí àbùkù níbẹ̀, ohùn ìlú wa ni. Àmọ́ tí ìwé bá ní ẹnì kan tó ń jẹ́ Sera àti ẹlòmíì tó ń jẹ́ Shera, ẹni tó ń gbọ́ ò ní mọ èyí tẹ́ ẹ ń pè, ẹ fi ohùn ya wọ́n sọ́tọ̀, ìyẹn ló kàn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi àmì ohùn sí i

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí, ẹ má kánjú kọjá ẹ̀. Òyìnbó ní tiwọn, wọ́n á fi agbára lé sílébù kan, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀. Ẹnu wa ti mọ ohun tó ń fi irú agbára yẹn ṣe tipẹ́tipẹ́, ohùn òkè ló ń sọ ọ́ dà. Ẹ wo kọ̀ǹpútà, pú ni agbára wà lédè Gẹ̀ẹ́sì, pú náà ló gba ohùn òkè. Ẹ wo òtẹ́ẹ̀lì, tẹ́ ló gbà á. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tó wúwo, ẹ fún un ní ohùn òkè, kẹ́ ẹ jẹ́ kí èyí tó tẹ̀ lé e wálẹ̀. Isildur á di Ì-síl-dù-rì, Denethor á di Dẹ́-nẹ̀-tọ̀-rì. Ẹni tó ń gbọ́ á gbọ́ ọ kedere.

Tẹ́ ẹ ò bá wá mọ ibi tó wúwo, ẹ gbìyànjú gbogbo ẹ̀ wò. Èmi àti ọmọ yẹn jókòó lọ́jọ́ yẹn, a pe orúkọ kan ṣoṣo yìí lónírúurú ọ̀nà. Mo pe Télìwìn, mí dò dò. Ó ní ìyẹn dún bí ẹni tí wọ́n ń pàṣẹ fún. Mo pe Tèlíwìn, dò mí dò. Ó mi orí. Mo pe Tèlìwín, dò dò mí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ìyẹn dún bí ẹni tó ń lọ, tí wọ́n ń pè é padà." Ẹ gbà mí gbọ́, inú ìwé yẹn, ẹni tó ń kúrò nílé bàbá ẹ̀ ni Thaelwyn lóòótọ́. Bó ṣe di Tèlìwín nìyẹn, kò sì tún gbàgbé ẹ̀ mọ́. Thaedric, Tédírìkì la sọ ọ́, ohùn òkè méjì níwájú, torí ó máa ń fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀. Thessa di Tẹ́sà. Ẹ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra wọn: Tèlìwín, Tédírìkì, Tẹ́sà. Ẹ tún máa ṣì wọ́n pè?

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ohùn ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ orúkọ tó jọra. Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ti gbọ́ tí wọ́n ń ṣi Sauron pè ní Saruman, àwọn ẹni ibi méjì inú ìwé Tolkien? Au inú Sauron, bíi "áù" ló ń dún, Tolkien sọ ọ́, kì í ṣe "ọ́ọ̀". Sáù-rọ̀n. Sá-rù-màn. Ọ̀kan já wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èkejì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ké e síta

Ẹ dìde, ẹ pè é bí ẹni pé ẹni yẹn wà ní òdìkejì títì ní Mọ́kọ́lá, tẹ́ ẹ sì wà nínú Míkírà tó fẹ́ gbéra: "Tèlìwín oo!" Tó bá já lẹ́nu yín láàárín, orúkọ yẹn ṣì gùn jù, tàbí ẹ ò tíì gé e dáadáa, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 4.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi sínú gbólóhùn. Orúkọ tó dúró gedegbe lè dùn, kó wá yí padà tó bá pàdé ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé Ayọ̀ wá, ẹnu yín á fa ìparí Ayọ̀ sókè díẹ̀ kó tó dé "wá". Orúkọ àlejò náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ "Tẹ́sà wá", ẹ sọ "ẹṣin Tẹ́sà", ẹ sọ "mo rí Tẹ́sà". Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bọ́ lẹ́nu yín láìsí ìkọsẹ̀, ó ti di tiyín.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kọ ọ́ síbi tẹ́ ẹ máa rí i

Ewé òfìfo tó wà lẹ́yìn ìwé ló dáa jù, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ bí ìwé ṣe kọ ọ́ sí ọwọ́ òsì, ẹ kọ tiyín pẹ̀lú àmì ohùn sí ọwọ́ ọ̀tún, kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì kún un: ọmọ ọba, aláwọ̀ pupa, ẹni tó ní ọ̀bẹ. Tó bá jẹ́ pé ẹ pọ̀ tẹ́ ẹ jọ ń kà á, ìwé kan ni kí gbogbo yín máa wò.

Tí fíìmù bá wá pè é lọ́nà míì

Ó máa ṣẹlẹ̀. Ní 2015 Rowling sọ ọ́ ní gbangba lórí Twitter pé kò yẹ kí wọ́n máa pe t tó wà ní ìparí Voldemort, ìkà inú Harry Potter, bẹ́ẹ̀ gbogbo fíìmù ẹ̀ ló ń pe t yẹn kedere, gbogbo ayé sì ń pè é. Lójú tèmi, tó bá jẹ́ orúkọ tí òǹkọ̀wé hun látinú orí ara ẹ̀, tẹ́ ẹ sì ti ń pe tiyín tipẹ́, tó ti wọ̀ yín lára, ẹ máa pè é lọ nínú ilé yín. Tẹ́ ẹ bá wà láàárín àwọn míì, ẹ pe ti òǹkọ̀wé, kí ọ̀rọ̀ lè yé ara yín. Ẹ má bá ọmọdé jà lórí ẹ̀. Àmọ́ orúkọ tó ní àwọn èèyàn tó ń jẹ́ ẹ láyé, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá mọ̀, bó tiẹ̀ kù díẹ̀ kẹ́ ẹ parí ìwé.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí ọmọ yín kọ́kọ́ mọ bí orúkọ inú ìtàn ṣe ń dùn kó tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Thaelwyn, ẹ fún un ní Fágúnwà. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde láti 1938, Àkàrà-Ògùn, Kàkó, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-Iyọ̀, ẹ kà wọ́n sókè kẹ́ ẹ gbọ́, ohùn ti wà lára wọn, ìtumọ̀ ti wà nínú wọn, ẹni tó gbọ́ Olóhùn-Iyọ̀ ti mọ ohun tó máa ṣe kó tó ṣe é. Amos Tutuola ní tiẹ̀, tó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn níbí, odidi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣe orúkọ ọ̀mùtí inú ìwé ẹ̀ ti 1952, The Palm-Wine Drinkard, bàbá àwọn òrìṣà tó lè ṣe ohun gbogbo láyé, kò sẹ́ni tó máa béèrè bí wọ́n ṣe ń pè é. Ọmọ tó bá ti jẹ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ yó, á mọ̀ pé wọ́n ń pe orúkọ ni, wọn kì í fò ó.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a padà sí ojú ìwé 1, a tún un kà látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ lẹ́nu. Nígbà tá a dé ibi ogun yẹn, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó kà á dé ibi tí ẹni yẹn ti já bọ́ lórí ẹṣin, ó dákẹ́, ó ní, "Àǹtí, Tédírìkì ni." Ó pa ìwé dé, ó gbé e lé ẹsẹ̀ ẹ̀, kò sì ṣí i mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.